Ìgbésẹ̀ Kẹrin àti Ẹni Tí Ó Ní Ọgbẹ́ Ọkàn: Ibi Tí Ètò Ìgbésẹ̀ Méjìlá Ti Ń Ṣini Lọ́nà

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ètò ìgbésẹ̀ méjìlá ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ètò tí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous (AA) dá sílẹ̀ fún àwọn tí ọtí ti di bárakú fún, tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì yá lò fún oògùn olóró àti tẹ́tẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni n ó sọ. Ẹnì kan pàtó ni mo ní lọ́kàn: ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ nígbà èwe, tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tàbí tí ó la ogun já, tí ó sì wá rí i pé ìgò ọtí nìkan ni ó ń jẹ́ kí òun fojú ba oorun. Kí ni ètò yìí ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí sì ni ó ń ṣe sí i?

N kò ní ka ìgbésẹ̀ méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín, nítorí ẹni tí ó bá wá irú fídíò yìí rí ti mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a kàn rántí orísun wọn. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson pàdé dókítà kan tí ń jẹ́ Bob Smith, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má baà mutí. Ọdún 1939 ni ìwé tí àwọn ìgbésẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ jáde. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ náà, ìwé náà sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni gbòǹgbò wàhálà ọ̀mùtí. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbéraga ni ó ń pa ènìyàn lọ, mo gbà pé kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún méje ńkọ́? Níbo ni a tún fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé?

Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ PTSD, àìsàn tí ìpayà ńlá máa ń fi sílẹ̀ sínú ènìyàn, sínú ìwé àtòjọ àìsàn wọn. Nígbà náà, ìwé Wilson ti lé ní ogójì ọdún. N kò lè dá òun àti Smith lẹ́bi ohun tí aráyé kò tíì fún lórúkọ. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó mọ̀ lónìí, tí ó sì ń ka ìwé náà sí elégbò létí bí ẹni pé ohunkóhun kò tíì yí padà láti ọdún 1939.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àfiwé kan fún yín, àfiwé tí mo fẹ́ràn débi pé ó ti sú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ láti gbọ́ ọ. Òrùlé ń jò, onílé sì gbé igbá sí abẹ́ ibi tí ó ń jò. Igbá kún, ó dà á nù, ó tún gbé e padà. Nígbà tí ó yá, igbá kan kò tó mọ́, igbá wá gba gbogbo yàrá, kò sí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí mọ́. Ará ilé wá ní igbá ni wàhálà. Òótọ́ ni, ó di dandan kí igbá kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ síta ní òru tí òjò ń rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gòkè lọ wo òrùlé, kí ni ẹ rò pé yóò bá ilẹ̀ ilé náà? Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn sí ọ̀pọ̀ elégbò ọkàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jáwọ́ nínú ọtí. Àlá burúkú a dé, ìrántí a máa já wọlé lọ́sàn-án gangan bí ẹni pé nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ariwo kékeré a sì máa mú wọn fò sókè. Ní ọdún 1985, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́ Edward Khantzian ṣàlàyé rẹ̀ pé ènìyàn kì í ṣàdédé bọ́ sọ́wọ́ ọtí tàbí oògùn, pé ìrora kan wà tí ó ń fi í rọ̀.

Wàyí o, elégbò yìí á dé ìpàdé, á ní nǹkan ń burú sí i láti ìgbà tí òun kò ti mutí mọ́. Èsì wo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà? Wọ́n á ní kò tíì ṣe ìgbésẹ̀ rẹ̀ dáadáa ni. Ìdáhùn yìí máa ń bí mi nínú, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Òjò ń wọlé lu ènìyàn, ẹ ní kò gbá ilẹ̀ dáadáa!

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní kò ní gbà wá lákòókò. Ó ní kí a jẹ́wọ́ pé a kò lágbára lórí ọtí. Lórí ọtí ni ó wí, ṣùgbọ́n nínú ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà a máa fẹ̀ títí yóò fi kan ohun gbogbo: ẹ kò lágbára lórí ènìyàn, ẹ kò lágbára lórí ayé yín, ẹ jọ̀wọ́ ara yín. Bẹ́ẹ̀, àìlágbára gan-an ni ọgbẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n dì mú tí kò lè jà kò nílò kí a kọ́ ọ ní jíjọ̀wọ́ ara ẹni. Ìdí nìyí tí Jean Kirkpatrick, obìnrin tí ó ti bá ọtí jìjàkadì fúnra rẹ̀, fi dá ẹgbẹ́ Women for Sobriety sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, níbi tí obìnrin ti ń kéde pé òun ni òun ni ìgbésí ayé òun. Òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Charlotte Kasl tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún tirẹ̀, tí èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sọ pé a ní agbára láti darí ayé wa. Bí ẹ bá wà nínú AA tí gbólóhùn yẹn sì ń fún yín lọ́rùn, ẹ dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀: bí ọtí bá ti kan ètè mi, n kò mọ ibi tí yóò gbé mi dúró. Ó parí síbẹ̀.

Ó wá kan ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í ṣe, àti ẹni tí ó ń ṣe é àti onígbọ̀wọ́, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti pẹ́ nínú ètò náà, tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ náà ní kí a yẹ ìwà ara wa wò láìbẹ̀rù. Bí ìwé ọdún 1939 ṣe là á sílẹ̀ ni pé kí ènìyàn kọ orúkọ àwọn tí ó ń bínú sí, kí ó kọ ohun tí wọ́n ṣe, kí ó kọ ibi tí ó ti dùn ún; lẹ́yìn náà kí ó gbé àṣìṣe ẹni yẹn kúrò lọ́kàn pátápátá, kí ó wá àṣìṣe tirẹ̀. Fún ẹni tí ó ń bínú sí ọ̀gá tí ó lé e níṣẹ́ nítorí pé ó mutí wá sí ibi iṣẹ́, ìbéèrè yìí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo obìnrin kan tí ó kọ orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì kọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe sí i nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ wo ìwé náà, ó ní: "Ipa tìrẹ dà? Má fi àyè yìí sílẹ̀ lófìfo."

Kí ni kí ó kọ síbẹ̀? Láti kékeré ni ọkùnrin yẹn ti ń sọ fún un pé òun ni ó fà á. Nísinsìnyí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, tí ó fẹ́ kí ó yè, tún ń sọ ohun kan náà tí ọkùnrin náà sọ fún un.

N ó sọ ọ́ ketekete. OHUN TÍ WỌ́N ṢE SÍ YÍN KÌ Í ṢE ARA OHUN TÍ Ẹ ṢE. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri bí ẹ bá fẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí yín kì í ṣe ara ohun tí ẹ ṣe, àyè tí ó ṣófo níwájú orúkọ ẹni yẹn ni ìdáhùn tí ó pé.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ìwé méjì ni ẹ ó lò. Ìwé kìn-ín-ní wà fún ohun tí wọ́n ṣe sí yín, kò sì sí àyè fún "ipa tèmi" nínú rẹ̀ rárá. Ìwé kejì wà fún ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe. Ó dà bí ẹni pé ó rọrùn, àbí? Kò rọrùn, nítorí pé àwọn nǹkan kan wà tí yóò máa fò láti inú ìwé kìn-ín-ní wá sínú ìwé kejì. Ẹ ó fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ kò kígbe. Ẹ ó fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ dákẹ́ fún ogún ọdún, tàbí pé ẹ tún padà sí ilé náà lẹ́yìn tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ́ síbẹ̀! Nígbà tí ẹ̀rù bá bani kọjá ààlà, ara lè gan, ohùn lè há. Ọpọlọ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ojú tí ó ṣẹ́ nígbà tí iyanrìn fò wọ̀ ọ́. Ọmọdé tí ó padà sílé padà síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí ó wà nínú ìwé kejì? Owó tí ẹ jí láti fi ra ọtí wà níbẹ̀. Irọ́ tí ẹ pa fún ọkọ tàbí aya wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ẹ kò lọ gbé ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ẹ ti mutí yó. Mo mọ̀ pé ọgbẹ́ yẹn ni ó tì yín dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ṣe wọ́n, ẹ sì lè tún wọn ṣe. N kò fara mọ́ àwọn alárìíwísí tí wọ́n ní kí a gba ìgbésẹ̀ kẹrin kúrò lọ́wọ́ elégbò pátápátá. Àgbàlagbà ni ẹni náà, ó lè wo ìwà ara rẹ̀ lójú. Ohun tí kò yẹ kí ó rù ni ìwà ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ní kí a ka gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìwé kejì nìkan ni ẹ ó kà. Onígbọ̀wọ́ kì í ṣe oníṣègùn, kò sì kọ́ ohun tí a ń ṣe nígbà tí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Judith Herman, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1992 pé ìpele mẹ́ta ni ìwòsàn ọgbẹ́ ọkàn ní: ààbò ni àkọ́kọ́, ìrántí àti ọ̀fọ̀ ni ó tẹ̀ lé e, pípadà dára pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn ni ẹ̀kẹta. Ẹ wo ẹni tí ó jáwọ́ nínú ọtí ní oṣù tó kọjá, tí wọ́n ní kí ó jókòó ní ọ̀sán kan ṣoṣo kí ó ro ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpele kejì ni wọ́n gbé e sí, ti àkọ́kọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án náà ní pàkúté tirẹ̀. Ó ní kí a lọ tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe fún àwọn tí a ṣẹ̀, àyàfi bí ṣíṣe bẹ́ẹ̀ yóò bá pa wọ́n tàbí àwọn mìíràn lára. Ẹ̀yin náà wà lára àwọn mìíràn yẹn. Ẹ kò jẹ ẹni tí ó bà yín jẹ́ ní gbèsè àforíjì nítorí pé ẹ kórìíra rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbésẹ̀ kẹsàn-án rán yín padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu kan ohun mẹ́ta. Bí ẹ bá ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí pé ó lè fa gìrì, ó sì lè pa ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé bá ní kí ẹ da oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yín nù, ìwé pélébé tí AA fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di dókítà. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa fi ẹ̀fẹ̀ pe ohun kan ní ìgbésẹ̀ kẹtàlá, èyí ni kí ẹni tí ó ti pẹ́ máa lé ẹni tuntun kiri fún ìbálòpọ̀. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ ìpàdé kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣàkóso ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń yẹ ìwà ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín wò, nítorí náà ó dára kí obìnrin tí ọkùnrin pa lára wá ìpàdé àwọn obìnrin.

Àwọn kan á ní: ṣebí ìwádìí ti fi hàn pé AA ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2020, John Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkópọ̀ ìwádìí 27, tí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 10,000 kópa nínú wọn, fún Cochrane, àjọ tí ń ṣe àkópọ̀ ìwádìí ìṣègùn, wọ́n sì rí i pé ní ti jíjáwọ́ pátápátá, AA àti ìtọ́jú tí ń darí ènìyàn síbẹ̀ kì í gbẹ́yìn àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a fi wé e, ó tilẹ̀ máa ń borí wọn. Mo gba ìyẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí ni wọ́n wọ̀n. Ènìyàn lè lo ọdún mẹ́wàá láìfi ẹnu kan ọtí, kí ó sì máa sùn pẹ̀lú iná títàn.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tí yóò gun òrùlé. Lisa Najavits, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣe ètò kan tí ń jẹ́ Seeking Safety, tí ìwé ìlò rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, ó sì ń tọ́jú bárakú àti ọgbẹ́ ọkàn pa pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ 25, láìfi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni ro ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ lè máa lọ sí AA kí ẹ sì máa ṣe èyí. Ọ̀kan kò lé èkejì.

Kí ẹ tó ka ìwé kejì yẹn fún onígbọ̀wọ́ èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí mo bá dé ibi orúkọ ẹni tí ó pa mí lára nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ni o fẹ́ kí n kọ sí iwájú rẹ̀?" Bí ó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ jókòó tì í. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ dìde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.