Askernish: pápá gọ́ọ̀fù tí àgùntàn ń bá wọn tọ́jú

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa South Uist, erékùṣù kan ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì. Pápá gọ́ọ̀fù Askernish wà níbẹ̀, létí òkun.

Old Tom Morris, ọ̀gá gọ́ọ̀fù láti St Andrews, ló to ihò 18 síbẹ̀ ní 1891; ní gọ́ọ̀fù, ihò tún ni wọ́n ń pe gbogbo ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbá bọ́ọ̀lù gbà dé inú ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n mú lára ilẹ̀ náà ṣe ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí. Pápá ń kéré sí i títí ó fi ku ihò 9, àwọn ihò àárín òkìtì yanrìn sì di ìgbàgbé. Ní 2005, Gordon Irvine, ẹni tó mọ iṣẹ́ koríko dunjú, débẹ̀. Kò sí àwòrán kankan tí Morris fi sílẹ̀, nítorí náà òun àti ayàwòrán pápá Martin Ebert fẹsẹ̀ rin àárín òkìtì, wọ́n ń wá ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tẹ́jú tó láti gba gíríìnì, ìyẹn ojú koríko kúkurú tí ihò wà láàárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ojú ibi tí Morris yàn gan-an ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà: ẹ wá ibi tí gíríìnì máa wà ná, kí ẹ tó wá ibi tí wọn yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2008 ni wọ́n tún ṣí i.

Ìtọ́jú rẹ̀ ló wù mí jù. Yanrìn tó kún fún ìkarahun ni ilẹ̀ náà, omi kì í dúró lórí rẹ̀, kò sì lọ́ràá. Koríko fescue, tó tín-ín-rín tó sì le, fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ púpọ̀ sí i ń ṣe é níkà: koríko rírọ̀ tó ń mu omi púpọ̀ yóò bo fescue mọ́lẹ̀, ọ̀dá díẹ̀ ni yóò sì pa koríko rírọ̀ náà. Nígbà òtútù, màlúù àti àgùntàn àwọn àgbẹ̀ ló ń jẹ koríko gíga kúrú. Tó bá di ìgbà ooru, wọ́n á kó wọn kúrò. Pátákò ẹran lè dá ihò sí ojú gíríìnì o. Ní Brora, pápá gọ́ọ̀fù mìíràn ní etí òkun kejì Skọ́tlándì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wáyà oníná yí gíríìnì ká kí ẹran má bàa dé ibẹ̀.

Ẹ má gé koríko orí òkìtì kanlẹ̀. Bí yanrìn bá ti yọjú, afẹ́fẹ́ Atlantic á máa gbẹ́ ẹ lọ títí yóò fi di kòtò ńlá. Kíá ni kí ẹ fi marram, koríko etí òkun tó ń di yanrìn mú, dí i, kí ẹ sì darí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn gba ibòmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbá níbẹ̀, kó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa rá mọ́lẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá sì kó sí ihò ehoro, òfin gbà á láyè láti mú bọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀ láìsí ìjìyà.