Tàtàṣé Tí Kò Jọ Tàtàṣé Mọ́

Ẹ fojú inú wo fọ́tò kan tí kò láwọ̀, dúdú àti funfun nìkan. Kí lẹ rí? Ẹ̀yìn ẹni tó tẹríba, àbí? Ẹ tún un wò. Tàtàṣé ni, irú èyí tí à ń lọ̀ sọ́bẹ̀.

Lọ́dún 1930, ní Carmel ní ìpínlẹ̀ California, Edward Weston, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ya tàtàṣé náà ní fọ́tò tó pè ní Pepper No. 30. Inú àrọ onípáànù, irú tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ló gbé e sí. Ara páànù ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sára tàtàṣé, òkùnkùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dà bí ẹran ara èèyàn.

Nígbà tí èmi náà kọ́kọ́ dán an wò, mo gbé tàtàṣé pípọ́n lé ewé ẹ̀fọ́, mo yà á, mo sì yọ àwọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Áà! Tàtàṣé àti ewé di eérú kan náà, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọ̀ nìkan ló ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí áàpù yín bá jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fa pupa sókè: tàtàṣé á funfun, ewé á sì dúdú jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ló ṣe kókó jù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí aṣọ dúdú wà lẹ́yìn. Ẹ má tan iná fóònù o, ṣe ló máa lé òjìji sá.

Mo fi tèmi han màmá mi. Wọ́n ní, "Tàtàṣé yìí ti fẹ́ rọ." Mo gé apá tí igi ìdí rẹ̀ wà kúrò nínú fọ́tò, mo tún gbé e fún wọn. Wọ́n yí fóònù sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. "Èjìká ta nìyí?" Igi ìdí yẹn ló ti ń tú àṣírí.

Karl Blossfeldt, olùkọ́ kan ní Berlin, ya fọ́tò ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tó ṣì ká bí orí ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fi kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ìwé àwòrán rẹ̀ jáde lọ́dún 1928.

Ẹ fi ewé kókò ṣe é náà: ẹ gbé e dí oòrùn, kẹ́ ẹ sún mọ́ iṣan rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà aláwọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ àwọ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú èyí tí kò láwọ̀ lé e lórí, àwọ̀ rẹ̀ lè má padà mọ́.