Sẹ́ńsọ̀ Kì í Ka Epo

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn mẹkáníìkì alùpùpù àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sọ ní Òṣogbo nìyí. Mo ti gé e kúrú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè tó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà sílẹ̀ bó ṣe wáyé.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ sún mọ́ iwájú, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kábúrétọ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwa àgbà níṣẹ́, àmọ́ ọ̀kadà onínjẹ́tọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn epo, ni ẹ̀yin máa fi jẹun.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára páìpù èéfín kì í ka epo, kò tilẹ̀ mọ epo. Ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín ló mọ̀, ó sì ń fi í wé ti atẹ́gùn ìta, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 21 nínú 100. Bí ti inú èéfín bá kéré, iná tó ń gbé jáde á sún mọ́ 0.9 volt, bó bá pọ̀, á já wálẹ̀ sí bí 0.1. Níbi tí kìlò pẹtiróòlù kan ti pàdé kìlò atẹ́gùn 14.7, ó ń fò kọjá nǹkan bíi 0.45. Kọ̀ǹpútà ọ̀kadà, tí à ń pè ní brain box, ló wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí “epo pọ̀” tàbí “epo kéré”. Ẹlẹ́rìí sọ ohun tó rí, adájọ́ ló dá ẹjọ́. Bí ẹjọ́ bá wọ́, ẹ má kọ́kọ́ lu ẹlẹ́rìí.

Wọ́n gbé ọ̀kadà kan wá bá mi láti apá Òkè-Fíà. Ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọ̀kadà rí, ní epo kéré. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. A ṣíná ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ọmọ iṣẹ́ mi fi akísà tútù dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, mo sì da omi ọṣẹ sí ibi tí páìpù ti wọ orí ẹ́ńjìnnì. Ó hó, ìfófòó kéékèèké, ó ń bẹ́ tẹ́, tẹ́, tẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lù. Nígbà tí a tú u, gáásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìsopọ̀ náà ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èéfín sì ti fa ìlà dúdú tín-ín-rín gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹnìkan á ní èéfín ló ń jáde níbẹ̀, báwo ni atẹ́gùn ṣe ń wọlé? Èéfín ọ̀kadà kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ó ń tì, ó ń fà. Ẹ́ńjìnnì onípísítìn kan tó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan ń jó epo lẹ́ẹ̀kan ní yíyí méjì, ìyẹn ìgbà 12 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn títì kọ̀ọ̀kan ni páìpù ń fà sẹ́yìn, á sì gbé atẹ́gùn ìta mì láti ihò náà. Sẹ́ńsọ̀ rí ọ́síjìn, ó ké. Kọ̀ǹpútà fi epo kún epo. Atẹ́gùn ihò kò dín, sẹ́ńsọ̀ ṣì ń ké, pọ́lọ́ọ̀gì wá dúdú. Ta ló purọ́ níbẹ̀?

Pọ́lọ́ọ̀gì tí kò taná dáadáa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Epo tí kò jó á bá ọ́síjìn tí kò ríṣẹ́ ṣe jáde. Sẹ́ńsọ̀ á ní epo kéré nígbà tí epo tútù ń rùn lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ẹ̀yin tó ń gé sàlẹ́ńsà kó lè máa bú, páìpù kúkúrú ń mí atẹ́gùn wọlé láti ẹnu nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí. Ẹ má fi òǹkà ìgbà yẹn to epo.

Àwọn kan wà tó ń polówó pé ká gé sẹ́ńsọ̀ dànù, ká fi rẹ̀sítọ̀, ohun kékeré tó ń dín iná kù, tan kọ̀ǹpútà jẹ. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Pé a pa á lẹ́nu mọ́ fúngbà díẹ̀ nígbà tí a ń to epo, ìyẹn dára, torí bí a kò bá pa á, ohun tí a fi kún láàárọ̀ ni kọ̀ǹpútà á yọ kúrò kó tó dọ̀sán. Àmọ́ ẹni tó gé e dànù ti fọ́ ojú ọ̀kadà oníbàárà.

Alága ti na ìka márùn-ún sí mi, ẹ jẹ́ kí n yára. Sẹ́ńsọ̀ kì í ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná tó bí 300°C. Lára oníwáyà mẹ́rin, funfun méjì ló sábà máa ń jẹ́ ti ìgbóná, ẹ fi mítà wọ̀n wọ́n. Ẹ má fi gíríìsì sí ẹnu wáyà, torí àárín wáyà ni sẹ́ńsọ̀ púpọ̀ ti ń mí. Ẹ má dojú rẹ̀ sókè láti abẹ́ páìpù, omi á fọ́ ọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ to epo ibi tí ọ̀kadà ti ń sá tete, sẹ́ńsọ̀ ti ilé-iṣẹ́ kò lè wọ̀n ọ́n, ẹ lo wideband, sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí epo ṣe pọ̀ tàbí kéré tó gan-an...

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, a dí ihò tiwa bí ẹ ṣe wí yìí gan-an. Gọ́ọ̀mù sílíkónì la fi dí i. Sẹ́ńsọ̀ tuntun la fi síbẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kú. Ta ni ká mú?”

Mo pa ìwé mi dé. Mo bi í pé báwo ni ṣóńṣó rẹ̀ ṣe rí. Ó yọ ọ́ nínú nálọ́ọ̀nù láti inú àpò: funfun ni, bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Mo ní kí wọ́n gbé e yíká, kí gbogbo yín fojú rí i. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ló pọ̀ jù. Bó bá ń dán bí ọ̀dà, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó. Funfun yìí, oró gọ́ọ̀mù sílíkónì ni: bó ṣe ń gbẹ, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ wọ inú páìpù, ó jó di nǹkan bíi gíláàsì, ó sì bo ojú sẹ́ńsọ̀. Fífọ̀ kò lè jí i.

Ọ̀gá rẹ kò ṣìṣe pé ó dí ihò, ọmọ mi, ohun tó fi dí i ló pa sẹ́ńsọ̀. Ẹ há gọ́ọ̀mù yẹn kúrò pátápátá, ẹ fi gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba. Lẹ́yìn náà kí ẹ da omi ọṣẹ sí i. Tó bá ṣì ń hó, ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn.