Ọ̀rọ̀ Tí Ọkàn Wa Fi Ń Jí: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, as-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh. Mo kí yín kú ọjọ́ Jímọ̀, kí Ọlọ́hun gba ìrun wa.

Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp ní kùtùkùtù, pé kí olúkúlùkù dúró níwájú dígí, kí ó máa sọ fún ara rẹ̀ pé olówó ni òun, alágbára ni òun, kò sí ohun tí ó lè dí òun lọ́wọ́. Wọ́n bi mí bóyá Mùsùlùmí lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá kò burú: wọ́n fẹ́ kí ọkàn àwọn balẹ̀ kí àwọn tó jáde lọ pàdé wàhálà ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé olówó ni òun, tí ó sì mọ̀ pé 500 sẹ́fà péré ni ó wà nínú àpò òun, ọkàn rẹ̀ yóò já a nírọ́ kí ó tó kúrò níwájú dígí náà. Ẹni tí ó bá sọ pé Ọlọ́hun tó òun, òdodo ni ó sọ, yálà àpò rẹ̀ kún tàbí ó ṣófo, ọkàn kò sì rí ohun tí yóò fi ta kò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa sọ sí ara wa. Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ànábì, sọ ọ́, Bukhari tí ó kó hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, jọ sì gbà á wá, pé Ànábì lọ bẹ bàbá arúgbó kan wò, ará oko nínú àwọn Lárúbáwá, tí ara rẹ̀ kò yá. Ìṣe Ànábì ni láti sọ fún aláìsàn pé, "Kò sí aburú, ìwẹ̀mọ́ ni, bí Ọlọ́hun bá fẹ́." Bàbá náà dáhùn pé, "O ní ìwẹ̀mọ́ ni? Rárá o. Ibà tí ń hó lára arúgbó ni, tí yóò sì gbé e dé sàréè." Ànábì ní, "Ó dára, bẹ́ẹ̀ ni nígbà náà." Mo ti ka hàdíìsì yìí títí, ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni ó mú ọ̀rọ̀ rere wọlé tọ bàbá yìí wá, bàbá sì fi ẹnu ara rẹ̀ lé e jáde. Àwa náà ńkọ́? Bí ènìyàn bá kí wa pé Ọlọ́hun yóò ṣe é ní ìrọ̀rùn, a ó ní, "Èwo ni ìrọ̀rùn? Tèmi ti bàjẹ́ tán." Bẹ́ẹ̀ sì ni Ọlọ́hun sọ nínú hàdíìsì kùdúsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí Ànábì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa, pé Òun wà níbi tí ẹrú Òun bá ro Òun sí.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀sìn ní kí a máa díbọ́n. Aisha, ìyàwó Ànábì, gbà á wá pé Ànábì kọ̀ fún wa láti sọ pé ọkàn wa ti di ohun ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda kí a sọ pé ara wa kò lélẹ̀. A lè sọ ìṣòro wa. A kò gbọdọ̀ bú ẹ̀dá tí Ọlọ́hun dá. Nínú hàdíìsì Jabir tí Imam Muslim gbà wá, Ànábì tún kìlọ̀ pé kí a má ṣẹ́ èpè fún ara wa, fún àwọn ọmọ wa, tàbí fún ohun ìní wa, kí ó má baà bọ́ sí wákàtí tí Ọlọ́hun ń gba àdúà. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí gan-an sì ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ nínú. Ìyá tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ ní olórí burúkú lónìí ní ọjà Ouando, nítorí pé ọmọ náà fọ́ ẹyin mẹ́ta, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ wákàtí tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí.

Kí ni kí a wá máa sọ? Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí a ka Āyatul Kursiyyu, kí a ka Kúlùhùwá àti Kúlàúsù méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, kí a tún wọn kà ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá gbogbo ìtọrọ àforíjì, èyí tí Shaddad ọmọ Aws gbà wá: "Ìwọ Ọlọ́hun, Ìwọ ni Olúwa mi, kò sí ọlọ́hun kan àyàfi Ìwọ. Ìwọ ni O dá mi, ẹrú Rẹ sì ni mí; mo wà lórí àdéhùn Rẹ dé ibi tí agbára mi mọ." Àdúà náà tẹ̀ síwájú títí ẹni tí ń ṣe é fi jẹ́wọ́ ìdẹ̀ra Ọlọ́hun lórí rẹ̀, tí ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ èyí láràárọ̀ mọ ẹni tí òun jẹ́: ẹrú ni, ó ní Olúwa, a ti ṣe é lóore, ó sì ti ṣẹ̀. Ìgbéraga kò ráyè wọlé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ́raẹni kò ráyè.

Ní ti alẹ́, ẹ̀yin ìyá tí iṣẹ́ ń wọ̀ lọ́rùn, tiyín ni ìtàn Fatima, ọmọ Ànábì. Ọlọ kó ìnira bá ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ bẹ bàbá rẹ̀ fún ìránṣẹ́ tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ànábì wá bá òun àti Ali ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn wọn, ó ní kí wọ́n máa ṣe Subhānallāhi ní 33, Al-hamdu lillāhi ní 33, àti Allāhu akbar ní 34 bí wọ́n bá fẹ́ sùn, pé ó sàn fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ. Ali sọ pé òun kò fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Wọ́n bi í bóyá ó ṣe é ní òru ogun Siffin pẹ̀lú, ogun ńlá tí òun fúnra rẹ̀ jà. Ó ní òun ṣe é ní òru ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò fẹ́ kí a ṣì mí gbọ́ lé lórí. Bí ìbànújẹ́ bá wọ ènìyàn lára tí kò lọ, tí oorun àti oúnjẹ sá fún un, ẹ má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò pé. Anas sọ pé Ànábì fúnra rẹ̀ a máa wá ìṣọ́ Ọlọ́hun nígbà gbogbo kúrò níbi ìrònú àti ìbànújẹ́. Ẹ mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé Ànábì tún ní kí a máa wá ìwòsàn. Kí ó máa ka àsíkàrì rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ ìrántí Ọlọ́hun, kí ó sì máa lo oògùn rẹ̀.

Nínú Súrátùl Jumu'a, āyah 10, Ọlọ́hun ní bí a bá ti kírun tán, kí a túká sórí ilẹ̀, kí a máa wá nínú oore Òun, kí a sì máa rántí Òun púpọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò gun zémidjan padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìrun òní, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kadà náà, kí ẹ tó dé ìsọ̀. Bārakallāhu lī wa lakum.