Ẹ Fẹsẹ̀ Rìn Wá Kí Jímọ̀ Òní

As-salāmu alaykum, ẹ̀yin ará mi ní Kábà, Ìyàrá àti gbogbo ilẹ̀ Okun. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa ní Kábà, mò ń wo bí ọ̀kadà ṣe ń já àwọn èèyàn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, mo ń rí páànù òrùlé ilé rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Géńdé ni, ara rẹ̀ le. Ó dùn mí, torí ọ̀rọ̀ Jímọ̀ gan-an ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń sọ nígbà tó ní ẹni tó bá wẹ̀, tó tètè jáde, tó fẹsẹ̀ rìn tí kò gun nǹkan, tó súnmọ́ lèmọ́mù, tó sì tẹ́tí sílẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé, ẹ̀san ààwẹ̀ àti ìrun ọdún kan ni. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud. Ẹ sì rántí àwọn Banu Salima tó fẹ́ kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní Mẹ̀dínà: Ànábì ní kí wọ́n dúró sílé wọn, à ń kọ ipasẹ̀ wọn sílẹ̀.

Àwọn bàbá wa ń rìn lọ oko, wọ́n ń kọ ebè. Àwa ńkọ́? Àǹtí mi kan ń tajà. Láti àárọ̀ dalẹ́, orí àga ló wà. Ọmọ ní í bá a mú ọjà, omi mímu gan-an, wọ́n á gbé e bá a níbi tó jókòó sí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tipẹ́, a ò mọ̀. Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ dé la tó mọ̀. Lónìí, tó bá fẹ́ kírun, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé ọwọ́ òsì sáyà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan: iṣan ara tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ lọ. Tí iṣan kò bá ṣiṣẹ́ tó, ṣúgà tó pọ̀ jù lè dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lọ́dún 2022, nínú àgbàlagbà 100 lágbàáyé, bíi 31 ni kò lo ara wọn tó. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní ká fi rin ìrìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 15 rìn lọ kí àsùbáà, tó fi 15 rìn bọ̀, ọjọ́ márùn-ún ti gbé e débẹ̀. (Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí àárẹ̀ ń ṣe, mi ò bá a wí, kó gun ọ̀kadà rẹ̀.)

Agogo méjìlá ni mò ń jáde nílé lónìí. Ẹni tílé rẹ̀ bá wà lọ́nà ọjà, kó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ká jọ máa rìn lọ.