Ta Ló Ní Kó Dáhùn?

BÙKỌ́LÁ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ owó orí la ní a máa sọ lónìí, àmọ́ mi ò lè sọ ọ́. Nǹkan tí ọkọ mi ṣe ní Sátidé ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

DÀPỌ̀: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àṣírí Bọ̀dá fáráyé.

BÙKỌ́LÁ: Àṣírí wo? Ẹnu ara ẹ̀ ló fi tú u. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo bá a níbi tá à ń gbọ́kọ̀ sí, ó jókòó sórí kúlà ńlá yẹn…

DÀPỌ̀: Kúlà Bowie?

BÙKỌ́LÁ: Òun náà ni. Má jẹ̀ẹ́ ká débẹ̀. (Ẹ̀rín) Fóònù wà létí ẹ̀. Ọkùnrin tí ìyá mi máa ń pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tó máa ń wo fóònù títí tó fi máa dákẹ́! Òun ló ń bá ẹni tí ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn olùwádìí tó ń pe èèyàn láti gbọ́ èrò aráàlú. Wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni, ó sọ. Wọ́n ní èèyàn mélòó ló ń gbélé, ó sọ. Wọ́n wá bi í pé báwo ni nǹkan ṣe ń lọ sí ní Amẹ́ríkà yìí. Dàpọ̀, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn gan-an ni!

DÀPỌ̀: Bọ̀dá? Bọ̀dá tó fọ̀rọ̀ owó ẹyin da ìkómọ rú?

BÙKỌ́LÁ: Òun gan-an ni! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó bú àwọn oníná, ó bú àwọn oníbánigbófò mọ́tò, ó bú gbogbo ẹni tó ń bẹ ní Washington. Ó dórí fóònù, ó dẹni tó ń ṣọpẹ́. Ohùn ẹ̀ tiẹ̀ yí pa dà, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kó jọ, tí wọ́n á máa pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n pé báyìí laráàlú wí.

DÀPỌ̀: Ṣé wọn ò béèrè nọ́ńbà Social Security, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá èèyàn mọ̀?

BÙKỌ́LÁ: Wọn ò béèrè.

DÀPỌ̀: A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Ojúlówó olùwádìí kì í béèrè ìyẹn, kì í sì í tajà.

BÙKỌ́LÁ: Àwọn tó pè mí lórí ọ̀rọ̀ ìlera ńkọ́? Ìbéèrè mélòó kan péré, wọ́n ti fẹ́ ta oògùn orúnkún fún mi! Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà mi wà lórí Do Not Call, ìwé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ẹni tí ò fẹ́ irú ìpè yẹn sí.

DÀPỌ̀: Ìyẹn ò dí olùwádìí lọ́wọ́ o, àwọn ọlọ́jà ló wà fún.

BÙKỌ́LÁ: O rí i? Wọ́n ti fàyè sílẹ̀ fúnra wọn.

DÀPỌ̀: Èmi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń dáhùn.

BÙKỌ́LÁ: Ìwọ tó o sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ibi iṣẹ́ lo wà, tó o sì ń jẹ àsáró nílé mi?

DÀPỌ̀: Ìyẹn owó ló fẹ́ yá! (Ẹ̀rín) Ẹ gbọ́ ná. Ní 1997, bí Pew, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò aráàlú, bá pe 100 ilé, nǹkan bí 36 ló ń dáhùn. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti já sí 6.

BÙKỌ́LÁ: Orí àwọn 94 yẹn pé.

DÀPỌ̀: Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Bí àwa aláwọ̀ dúdú ò bá dáhùn, ìwọ̀nba tó bá dáhùn, ohùn wọn ni wọ́n máa bù kún kó lè dúró fún gbogbo wa. Ní 2016, yunifásítì USC àti ìwé ìròyìn Los Angeles Times jọ ń ṣèwádìí ìbò ààrẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni. Ọmọkùnrin dúdú kan, ọmọ ọdún 19 ní Illinois, wà níbẹ̀, Trump ló fẹ́. Torí pé irú ẹ̀ ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìgbà míì wà tí ohùn ẹ̀ nìkan tó ti 30 èèyàn!

BÙKỌ́LÁ: Ọmọ ọdún 19? Tí ò tíì san rẹ́ǹtì rí, òun ló ń ṣojú mi?

DÀPỌ̀: Tó ń ṣojú ẹ̀yin àti Bọ̀dá.

BÙKỌ́LÁ: Dúró. Ṣé bí wọ́n ṣe máa sọ irọ́ Bọ̀dá ẹ di 30 náà nìyẹn?

DÀPỌ̀: (Ẹ̀rín) Yéè! Mi ò ro tìyẹn.

BÙKỌ́LÁ: Ro ó! Wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà náà ṣáájú ìbò 2023. NOIPolls, àwọn olùwádìí èrò aráàlú níbẹ̀, pe àwọn èèyàn lórí fóònù, wọ́n ní Peter Obi ló ń léwájú. Ta ni INEC wá kéde?

DÀPỌ̀: Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ò sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún, ẹ má gbàgbé. Ẹ má sì jẹ̀ẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìbò yẹn mọ́. Ẹ ṣì rántí èébú tá a jẹ nígbà yẹn.

BÙKỌ́LÁ: Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ẹni tó ò rójú ẹ̀ pè ẹ́ lórí fóònù, ó ní ta lo máa dìbò fún, o wá máa tú inú ẹ síta? O mọ ẹni tó rán an?

DÀPỌ̀: Ó yé mi. Àmọ́ Maryland la wà.

BÙKỌ́LÁ: Ó dáa, màá fún wọn ní nọ́ńbà ẹ. Ìwọ ni kó o máa sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wa.

DÀPỌ̀: Mo gbà! Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn Ìjẹ̀bú ló ń sọ owó aṣọ ẹbí di ọ̀wọ́n níbí.

BÙKỌ́LÁ: Ọmọ Òṣómàáló! Owó léèsì tó o jẹ mí láti Kérésì ńkọ́?

DÀPỌ̀: Háló? Àǹtí mi? Ohùn yín ń já o. Mi ò gbọ́ yín mọ́.