Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ ẹ dà?

Àsàlámù aléékùm o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí Jímọ̀ òní, àmọ́ ẹ má bínú, inú mi ò dùn rárá.

Túsìdeè la kírun sí ọmọ kan lára ní Iléṣà níbí. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ o. Èéyi ló pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibà, ojú pọ́n, ó ń húkọ́, lára bá sú, wọ́n ní ooru ni, ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. A wá bi bàbá ẹ̀ pé ṣé ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní "Àfáà, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọmọ, kádàrá ò gbóògùn." Mi ò dá a lóhùn. Èèyàn kì í jágbe mọ́ ẹni tí erùpẹ̀ sàréè ọmọ ẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ náà, torí kì í ṣòun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Sàyídínà Umar, kálífà kejì lẹ́yìn Ànọ́bì, ń lọ sí Ṣáámù, ìyẹn agbègbè Síríà, ó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, Abu Ubaydah, sàhábà Ànọ́bì tó ń darí ogun níbẹ̀, àtàwọn olórí ogun wá pàdé ẹ̀, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ Ṣáámù. Umar pe àwọn Muhájírùn (àwọn tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà), ẹnu wọn ò kò, ó pe àwọn Ánsárì (àwọn ará Mẹ̀dínà tó gbà wọ́n), ẹnu tiwọn náà ò kò, ó wá pe àwọn àgbà Kùréṣì, ẹ̀yà Ànọ́bì, àwọn ìyẹn ní ká padà. Ló bá ní ilẹ̀ ọ̀la a máa ṣẹ́rí padà. Abu Ubaydah (ẹ sì mọ irú èèyàn tó jẹ́!) ní ṣé kádàrá Ọlọ́run lẹ fẹ́ sá fún ni? Umar ní háà, ì bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, Abu Ubaydah. Bẹ́ẹ̀ ni, à ń sá láti inú kádàrá Ọlọ́run bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Tó o bá da ràkúnmí ẹ lọ sí àfonífojì, tí apá kan tutù yọ̀yọ̀ tápá kejì gbẹ, èyí tó o bá ti ń jẹ̀ ẹ́, ṣé kì í ṣe kádàrá Ọlọ́run náà ni? Ìgbà yẹn ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànọ́bì pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ nílẹ̀ kan ẹ má wọ ibẹ̀, tó bá bá yín níbẹ̀ ẹ má sá jáde. Umar dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì padà.

Ìwọ wá lè gbára lé Ọlọ́run ju Umar lọ? Ìwọ tó ò ń fi ṣéènì de ọ̀kadà ẹ lálẹ́, ṣé Ọlọ́run kì í ṣọ́ ọ̀kadà ni? Èéyi ò mojú ẹnì kankan o, tó bá wọ àárín èèyàn 10 tí ò gbabẹ́rẹ́, ó lè mú 9. Aìgba tìẹ, ọmọ aládùúgbò ló máa kú sí i, kó o wá máa sọ pé Ọlọ́run ló mú un. Wàá rojọ́ ẹ̀ lálùkìyámọ̀!

Ó tún wá ń tì mí lójú pé ìlú tiwa ni. Ọsibítù Wesley Guild níbí ni David Morley, dókítà òyìnbó yẹn, ti ṣiṣẹ́ láwọn ọdún 1950, òun ló dá kílíníkì àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ ti gbilẹ̀ dé òkè òkun, wọ́n sì dán abẹ́rẹ́ èéyi wò níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwa wá ni ò lè gbé ọmọ dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ọ̀fẹ́ sì ni, ọmọ máa gbà á ní oṣù 9 àti oṣù 15.

Kí Ọlọ́run forí ji gbogbo wa, kó tu ìyá ọmọ yẹn nínú. Nígbà tí mo délé lálẹ́ Túsìdeè mo ní kí ìyàwó mi mú káàdì abẹ́rẹ́ àbíkẹ́yìn wa wá. Ti oṣù 9 wà níbẹ̀. Ti oṣù 15 ò sí, ọmọ sì ti ń lọ sọ́dún méjì. Èmi tí mò ń pariwo yìí o. Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, èmi fúnra mi ló gbé e lọ.